Nọ́ọ̀sì àti Maths: ẹ jẹ́ ká tún un sọ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri WhatsApp àwọn òbí l'Abẹ́òkúta níbí pé ọmọ tó fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì kò nílò Maths, torí kò sí nínú JAMB wọn.

Ìdajì rẹ̀ jóòótọ́, ìdajì yẹn ló sì ń ṣi èèyàn lọ́nà. Lóòótọ́, English, Biology, Chemistry àti Physics ni wọ́n ń ṣe ní JAMB fún nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n JAMB lọ́tọ̀, èsì WAEC tàbí NECO lọ́tọ̀. Nínú èsì yìí, mẹ́rin yẹn pẹ̀lú Maths gbọ́dọ̀ jẹ́ kírẹ́díìtì, láàárín ìjókòó méjì ó pẹ́ jù. Ọmọ tó gba 300 ní JAMB tó ní D7 nínú Maths, tí kò tó kírẹ́díìtì, kò tíì yege.

Ẹ ṣí IBASS, ìwé ìtọ́sọ́nà tó ń sọ ohun tí kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ń béèrè, lórí ìkànnì JAMB, ẹ wá Nursing, kí ẹ ka ibi tí wọ́n kọ O'Level (èsì WAEC tàbí NECO) sí, ẹ má wo ti UTME (ìdánwò JAMB) nìkan. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ wa kì í kà dé.

Ẹni tí Maths nìkan ṣẹ́ kù fún lè fi GCE (WAEC tí ẹni tí kò sí nílé ìwé mọ́ lè ṣe) tàbí NECO dí i.