Tòkúnbọ̀ Tí Kò Tíì Kọjá Òkun

Èmi tí mo máa ń fi àwọn onímọ́tò tòkúnbọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ l'Ékòó, èmi náà ni mo dé Lọ́ńdọ̀nù tí mo ra aago tòkúnbọ̀. Tòkúnbọ̀ tí kò tíì kọjá òkun rárá! Hatton Garden, àdúgbò àwọn oníwúrà, ni mo ti rà á. Rolex Datejust ni, aláwọ̀ méjì: irin lẹ́gbẹ̀ẹ́, wúrà pupa láàárín. Ọkùnrin tó tà á ní wúrà kárátì 18 ni, pé bàbà tí wọ́n pò mọ́ ọn ló jẹ́ kó pọ́n. Mi ò ní sọ iye tí mo rà á. Ìyàwó mi mọ̀wé kà.

Màámi rí i lórí fídíò. "Àkànní, aago ẹ ti ń dípẹtà láàárín."

"Wúrà ni, Màámi."

"Wúrà wo ló pọ́n bí epo? Àbí owó ẹ ò ká odindi ni wọ́n ṣe bù ú fún ẹ?"

Mi ò fèsì. Ká ní wúrà ni látòkè délẹ̀, ilé tí mò ń gbé ni ǹ bá tà, onílé ló sì ni ilé.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú. Níbi iṣẹ́ wa, nítorí kòkòrò àrùn, ohunkóhun ò gbọdọ̀ sí lápá èèyàn láti ìgúnpá dé ọwọ́. Aago ike pọ́ún márùn-ún ni mo fi pín-ìnnì há sí àyà, tó dorí kodò bí àdán. Bẹ́ẹ̀ Datejust kì í lo bátìrì, jíjù tí èèyàn ń ju ọwọ́ ni oúnjẹ ẹ̀. Tèmi yìí, tí mo bá bọ́ ọ fún bíi wákàtí 48, ó kú nìyẹn. Tí mo bá ti òde Sátidé dé ní aago mẹ́ta òru, tó bá fi máa di ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ti gbẹ́mìí mì sínú ìbọ̀sẹ̀ tí mo tọ́jú ẹ̀ sí.

Nínú oṣù Keje, òde kan bọ́ sí Old Kent Road. Mo wọ agbádá, mo wọ bọ́ọ̀sì 53, mo fa apá agbádá bo aago torí àwọn ọmọ ajáwọ́gbà. Mo dé gbọ̀ngàn, agbádá ò tún jẹ́ kẹ́nikẹ́ni rí i! Mo ká apá ẹ̀ sí èjìká, ó já bọ́. Mo tún ká a. Ẹni tó ń wò mí á rò pé mò ń lé eṣinṣin.

Ẹ̀gbọ́n kan rí i ṣá. "Àbúrò, aago mélòó ló lù?"

Mo wò ó. Ó ti jí nínú bọ́ọ̀sì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tó kú sí ló ti ń bá ayé ẹ̀ lọ: aago márùn-ún, ọjọ́ kẹjọ oṣù. Ilẹ̀ ti ṣú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n la sì wà. Wọ́n tún wá lẹ gíláàsì kékeré mọ́ ojú ibi tí ọjọ́ wà, tó ń sọ ọ́ di ńlá ní ìlọ́po méjì ààbọ̀. Ìtìjú náà di ìlọ́po méjì ààbọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, aago Nàìjíríà ni mo gbé e sí."

"Nígbà ooru? Ṣebí ọ̀kan náà ni tibí àti tilé báyìí." Ó wò mí títí. "Jọ̀ọ́, aago mélòó?"

Mi ò mọ ìgbà tí mo tẹrí ba, tí mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé àyà agbádá mi sókè, tí mò ń wá aago ike.