Ẹ gbé iṣẹ́ yín wá kí a tú u

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀dọ́ mẹ́ta ló kọ̀wé sí mi ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin), ìbéèrè kan náà ni wọ́n sì ń béèrè: "Tàǹtí, ẹ jọ̀wọ́, kọ́ọ̀sì wo la lè ṣe tá a fi máa rí iṣẹ́ UX bíi tiyín láti Àjàṣẹ́ níbí?" Mo dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síta. Mo ṣe kọ́ọ̀sì. Mo ní ìwé ẹ̀rí mẹ́rin, mi ò sì kábàámọ̀ ọ̀kankan nínú wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tó sọ mí di oníwàádìí ni àwọn tó gbọ́ iṣẹ́ mi, tí wọ́n fọwọ́ tọ́ ibi tó ti bàjẹ́ hàn mí, tí wọ́n ní kí n lọ tún un ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ iṣẹ́ UX ("user experience", ìyẹn ìrírí ẹni tó ń lo nǹkan), ohun tó jẹ́ rè é: bí ilé iṣẹ́ kan bá ń ṣe áàpù, ẹnìkan gbọ́dọ̀ lọ jókòó ti àwọn tó máa lò ó. Á wo ibi tí ìka wọn ti ń dúró, á gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ àti èyí tí wọ́n gbé mì, á wá padà lọ sọ òótọ́ fún àwọn tó ń ṣe é. Orúkọ iṣẹ́ náà kò tíì pẹ́. Ní 1993 ni Don Norman, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, fi "user experience" sínú orúkọ ipò rẹ̀ ní Apple.

Ìyá mi, aránṣọ ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ọjà Wándó, ibẹ̀ ni mo ti máa ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé mi bí mo bá ti ilé ìwé dé. Ọmọ iṣẹ́ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé kì í fọwọ́ kan àlùmọ́gàjí. Bọ́tìnì ló máa rán, á ká etí aṣọ, á lọ aṣọ tó ti parí. Tó bá pẹ́ díẹ̀, á jókòó sídìí ẹ̀rọ. Gígé aṣọ ló máa kẹ́yìn, nítorí bọ́tìnì tí ẹ bá ṣì rán, ẹ lè tú u, àmọ́ aṣọ oníbàárà tí ẹ bá ṣì gé, ó ti lọ nìyẹn. "Tú u" ni ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ jù lẹ́nu ìyá mi. Kì í bínú sọ ọ́. Ó kàn máa na ìka sí ojú ìrán tó wọ́, á ní, "Tú u, kó o tún un rán," ọmọ iṣẹ́ á sì mú abẹ́rẹ́.

Nígbà tí mo wá ka iṣẹ́ Jean Lave, ọmọ Amẹ́ríkà tó lọ bá àwọn aránṣọ gbé ní Làìbéríà ní àwọn ọdún 1970, ńṣe ni mo dìde lórí àga. Bí ti ṣọ́ọ̀bù ìyá mi gan-an lohun tó rí níbẹ̀: bọ́tìnì àti etí aṣọ lákọ̀ọ́kọ́, ìrán lẹ́yìn náà, gígé níkẹyìn. Ní 1991, òun àti Etienne Wenger kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí ènìyàn ṣe ń kọ́ṣẹ́ nìyẹn: láti etí ló ti ń bẹ̀rẹ̀, àárín àwọn tó mọ iṣẹ́ ló sì ń wọ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ̀wé sí mi fẹ́ fi àlùmọ́gàjí bẹ̀rẹ̀, nínú yàrá wọn, láìsí ẹnikẹ́ni tó máa ní kí wọ́n tú u.

Ẹ wo tèmi. Ilé iṣẹ́ kan ní Kútọnu tí mo ti ń ṣe sìtáàjì (ìkọ́ṣẹ́) ní kí n lọ wo bí àwọn oníṣòwò ṣe ń lo áàpù tí wọ́n fi ń kọ ọjà àti gbèsè sílẹ̀. Mo lọ bá ìyá kan tó ń ta gàrí ní Wándó. Ó fi ọwọ́ kan gbé fóònù jìnnà sí ojú, ìyẹ̀fun gàrí wà ní ìka rẹ̀ kejì. Ó kọ orúkọ oníbàárà, ó kọ iye owó, ó dé ibi tí wọ́n kọ "Valider" sí, ìyẹn "fọwọ́ sí i" lédè Faransé. Mo bi í pé, "Ìyá, ṣé ó rọrùn?" Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. "Ó rọrùn, ọmọ mi. Olúwa á bá yín ṣe é." Mo kọ ọ́ sílẹ̀: ó rọrùn. Ènìyàn 12 ni mo bá sọ̀rọ̀, 11 ló ní ó rọrùn. Inú mi dùn gan-an.

Ní Sátidé yẹn, mo gbé ohùn tí mo gbà sílẹ̀ lọ sí ẹgbẹ́ wa. Ẹgbẹ́ yìí kò ní orúkọ ńlá. Ènìyàn mẹ́fà ni wá nígbà náà, a jókòó sórí bẹ́ńṣì àwọn ọmọ kékeré nínú kíláàsì tí wọ́n yá wa, a gbé fóònù sínú ife kí ohùn lè ròkè. Bí a ṣe gbọ́ ìyá oní-gàrí tán, ẹ̀gbọ́n kan tó ti ṣe iṣẹ́ yìí jù wá lọ ní, "Dá a padà." Mo dá a padà. "Dá a padà sí i." Ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ ọ. Láàárín ìgbà tí ìyá yẹn kọ iye owó tán àti ìgbà tí mo bi í léèrè, ìṣẹ́jú àáyá 19 ló fi dákẹ́. Ariwo ọjà nìkan ló ń dún. Ohùn ọmọbìnrin kékeré kan wá sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé, "Èyí tó ní àwọ̀ ewé yẹn, Màmá." Èmi ni mo jókòó síbẹ̀ o. Etí mi ò gbọ́ ọ, torí ìbéèrè tí mo fẹ́ bi í ló gba ọkàn mi.

Ẹ̀gbọ́n yẹn ní, "Ta ló tẹ̀ ẹ́?" Mo ní ọmọ rẹ̀ ni. Ó ní, "Àbúrò, o ti fi ìdáhùn sí i lẹ́nu. Bí mo bá gbé oúnjẹ fún ẹ nílé mi, tí mo bi ẹ́ bóyá ó dùn, ṣé wàá ní kò dùn?"

Ojú tì mí. Mo sunkún díẹ̀ nígbà tí mo délé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ni ẹ̀kọ́ tó tóbi jù tí mo rí gbà lórí iṣẹ́ yìí, mi ò sì lè rí i nínú kọ́ọ̀sì tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà. Wọ́n máa ń kọ́ wa níbẹ̀ pé ká má fi ìbéèrè darí ènìyàn, òótọ́ ni. Àmọ́ kò sí ẹni tó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ní ilẹ̀ wa, ọ̀wọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń dáhùn ìbéèrè. Àgbà ò ní jẹ́ kí ọmọ tó wá kí i lọ́jà gba ilé lọ pẹ̀lú ìbànújẹ́. Bí a bá bi í pé "ṣé ó dára?", àdúrà ló máa fi dá wa lóhùn.

Mo padà sọ́jà. Lọ́tẹ̀ yìí mo ní, "Ìyá, oníbàárà kan ti gba gàrí àwìn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí n wò ó, ohun tó bá sọ sí yín lọ́kàn, ẹ sáà máa sọ ọ́ jáde." Mo wá panu mọ́. Nínú àwọn 12 yẹn, àwọn 7 ò lè kọjá ojú ewé "Valider" láìsí olùrànlọ́wọ́. Ìyá oní-gàrí sọ ìdí ẹ̀ fún mi: ó rò pé bí òun bá tẹ̀ ẹ́, wọ́n á yọ owó lórí fóònù òun. Ilé iṣẹ́ yẹn ò kọ́kọ́ fẹ́ gbọ́. Ohùn ìyá yẹn ni mo jẹ́ kí wọ́n gbọ́, pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá 19 yẹn.

Ẹgbẹ́ tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà ràn mí lọ́wọ́, mi ò ní fi dù wọ́n. Lára wọn ni ResearchOps, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣètò iṣẹ́ ìwádìí, tí Kate Towsey bẹ̀rẹ̀ ní 2018. Ibẹ̀ ni mo ti rí bí àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ṣe ń gba ìyọ̀nda lọ́wọ́ ènìyàn kí wọ́n tó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, àti bí wọ́n ṣe ń sanwó fún àkókò rẹ̀. Èyí ká mi lára gan-an. Ẹni tó fi oníbàárà sílẹ̀ nítorí tiwa, ẹ fún un lówó, kì í ṣe ẹ ṣé nìkan. Láti ìgbà yẹn, mi ò lọ sọ́jà lọ́wọ́ òfo mọ́.

Àmọ́ ohun tí wọ́n bá sọ níbẹ̀, ẹ gbé e wá sílé kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Gbogbo wọn ló mọ ohun tí Jakob Nielsen, onímọ̀ nípa bí nǹkan ṣe lè rọrùn láti lò, kọ ní 2000, pé bí a bá dán nǹkan wò pẹ̀lú ènìyàn 5, a ó rí nǹkan bí 85 nínú 100 àwọn ìṣòro tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló dúró síbẹ̀. Arákùnrin kan tó jẹ́ Gùn (Ègùn) nínú ẹgbẹ́ wa ló ní ká ka ìyókù: Nielsen fúnra rẹ̀ sọ pé bí àwọn tó ń lò ó bá pín sí ọ̀nà mẹ́ta tó yàtọ̀ síra, ènìyàn 3 láti ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ni. Ní Àjàṣẹ́ ńkọ́? Ẹni tó ń ka Faransé, ẹni tó ń fi Gùn ronú, ẹni tó ń fi Yorùbá ka owó. Ènìyàn 9 nìyẹn. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò fi ìwádìí mi mọ sórí ènìyàn 5 ní ìlú yìí mọ́.

Báwo ni mo wá ṣe rí iṣẹ́ tí mò ń ṣe báyìí? Obìnrin kan ní Èkó ló gbọ́ mi nígbà tí mo fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sọ ìtàn ìyá oní-gàrí ní ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ó pè mí pé àwọn ń wá ẹni tó lè ṣe ìwádìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì ibodè. Gẹ̀ẹ́sì mi ń tiro, Faransé rẹ̀ kò sí rárá, Yorùbá la fi sọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti owó. Mark Granovetter, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, kọ irú rẹ̀ sílẹ̀ ní 1973: nínú àwọn tí ó fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò nítòsí Boston, tó jẹ́ pé ojúlùmọ̀ ló júwe iṣẹ́ fún wọn, àwọn tó lé ní 80 nínú 100 ló sọ pé ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan làwọn ń rí ẹni yẹn, tàbí pé àwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i rárá. Ó yé mi. Àwọn tí mò ń rí lójoojúmọ́, ohun tí mo mọ̀ ni wọ́n mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé iṣẹ́ tí wọ́n ti tú fún mi ni mo gbé lọ sí ìpàdé yẹn. Ká ní "ó rọrùn" 11 yẹn ni mo lọ kà fún wọn, ta ni ìbá rántí mi?

Ìdí nìyí tí àwọn àwùjọ WhatsApp tó jẹ́ pé "ẹ káàárọ̀" àti àwòrán ìwé ẹ̀rí ló kún inú wọn fi ń dùn mí. Ọmọ ọ̀lọ́gbọ́n pọ̀ níbẹ̀. Ọdún méjì lè kọjá kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan ṣoṣo tí ẹlòmíì ṣe. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, mo mọ̀, ẹ̀rù ba èmi náà. Ènìyàn mẹ́ta péré tó, ẹ ẹ̀ nílò ilé ńlá. Ẹnìkan gbé ohùn wá, àwọn méjì yòókù gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

A ti di 14 báyìí. Ní Sátidé tó ń bọ̀, ọmọbìnrin kan ń bọ̀ láti Kétu, nínú àwọn mẹ́ta tó kọ̀wé sí mi. Ó ti bá àwọn àgbẹ̀ mẹ́rin sọ̀rọ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń gba owó lórí fóònù. Ó ní ohùn náà kò dára tó, pé kí n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ tún un ṣe. Mo ní kó gbé e wá bẹ́ẹ̀. A ti dá owó ọkọ̀ rẹ̀ jọ, àlọ àti àbọ̀. Bó bá tètè wọ mọ́tò, á ti kọjá Pobè kí oòrùn tó mú.