Àtúnṣe: Pong kọ́ ló kọ́kọ́ gbowó ẹyọ

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri pé Pong, tí ilé-iṣẹ́ Atari gbé jáde ní 1972, ni géèmù fídíò àkọ́kọ́ téèyàn ń sọ owó ẹyọ sí kó tó ta á. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1971, Bill Pitts àti Hugh Tuck ti gbé géèmù Galaxy Game kalẹ̀ ní Yunifásítì Stanford, ní Kalifóníà. Sẹ́ǹtì 10 ni wọ́n ń gbà fún eré kan, bẹ́ẹ̀ odindi kọ̀ǹpútà PDP-11, tó wọ́n gan-an, ló ń gbé e ṣiṣẹ́. Ìgbà wo ni sẹ́ǹtì 10 máa dá irú owó bẹ́ẹ̀ padà?

Ọdún yẹn náà ni ilé-iṣẹ́ Nutting Associates ṣe géèmù Computer Space lọ́pọ̀ fún títà. Àwọn tó ṣẹ̀dá rẹ̀ ńkọ́? Nolan Bushnell àti Ted Dabney ni, àwọn méjèèjì tó padà dá Atari sílẹ̀! Allan Alcorn tí wọ́n gbà síṣẹ́ ló wá ṣe Pong.

Òkìkí ni ti Pong. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé sí ilé ọtí kan ní Sunnyvale dẹnu kọlẹ̀ torí pé owó ẹyọ ti kún inú rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.