Ẹ Kà Á, Ẹ Kọ Ọ́, Kí Ẹ Tó Gbé E

Àwọn aláṣẹ ti fèsì sí ẹ̀bẹ̀ wa pé kí wọ́n kọ ẹrù wa sílẹ̀ kí wọ́n tó gbé e, èsì náà ò sì yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́rú, gbogbo ohun tó wà nílé ìṣẹ̀ǹbáyé wa ní Kétu, lórílẹ̀-èdè Benin, yóò sì lọ sí Kútọnú títí wọn yóò fi tún òrùlé ṣe. Ọ̀rọ̀ òrùlé kọ́ là ń bá wọn fà. Òrùlé ń jò, ẹni tó bá ti wọ yàrá ẹ̀yìn lẹ́yìn òjò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwé là ń bèèrè, ìwé kan náà tí a ti ń bèèrè láti ìgbà tí wọ́n ti kó àwọn ìlù kan jáde fún àfihàn, tí ọ̀kan padà wálé láìní awọ: kí lẹ fẹ́ kó, mélòó ni, ta ló ni ín?

Wọ́n fi ìwé kan hàn wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ojú ewé kan àti ààbọ̀. Níbi tó yẹ kí àwọn ère tí oníjó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń gbé sórí wà lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun tí wọ́n kọ ni “ère igi, oríṣiríṣi”. Oríṣiríṣi! Ṣé iṣu ni wọ́n ń rà lọ́jà ni? Èyí tí ejò ká sí lórí kọ́ ni èyí tó gbé ẹyẹ. Ìdílé kan yọ̀ǹda tiwọn pátápátá. Ìdílé mìíràn kàn yá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà ní tiwọn ni, wọ́n sì ṣì ń retí ọjọ́ tí wọn yóò gbà á padà. Gbẹ́nàgbẹ́nà tó gbẹ́ ère kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Orin tí Ẹ̀fẹ̀, akọrin Gẹ̀lẹ̀dẹ́, kọ lóru ọjọ́ tó kọ́kọ́ jáde ṣì wà lẹ́nu àwọn àgbà díẹ̀. Bí ìrù ejò náà bá sì ti kán nílé, ó yẹ kó wà lákọsílẹ̀, torí bó bá dé Kútọnú tán, ta ni yóò jẹ́rìí?

Àwọn ọ̀gá wọ̀nyí kan náà kì í gbàgbé UNESCO, àjọ tó kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fáyé bí ogún àṣà lọ́dún 2001, nígbàkigbà tí maikirofóònù bá ti wà lẹ́nu wọn.

Ọ̀gágun Dodds ti ilẹ̀ Faransé kó ẹrù ààfin Àgbómẹ̀, olú ìlú Dàhọ̀mì, lọ́dún 1892. Olè ni, a ò ní orúkọ míì fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹrù náà dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Trocadéro ní Paríìsì, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ ká lè sọ pé 26 ló padà wálé ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, tí a sì mọ ìtẹ́ Ọba Ghézo yàtọ̀ sí ti Ọba Glèlè. Ó dùn wá láti sọ ọ́: àwọn tó gba ẹrù olè mọ ohun tó wà lọ́wọ́ wọn ju àwọn tó ń gba owó oṣù láti tọ́jú ẹrù Kétu lọ.

Nígbà tí ogun Dàhọ̀mì kó ìlú yìí lọ́dún 1886, kò sẹ́ni tó ráyè kọ ohun tó ṣòfò. Ogun ló wà nílẹ̀ nígbà yẹn. Kí ló wà nílẹ̀ báyìí? (Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè ìlú yìí láyé àtijọ́, nìkan lọkàn wa balẹ̀ lé lórí, torí kò ṣeé jù sẹ́yìn ọkọ̀.)

Kí wọ́n kọ ìwé tó pé. Kí wọ́n kà á sókè ní Yorùbá níṣojú àwọn tó ni ẹrù, kí ẹ̀dà kan wà láàfin Alákétu, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan sì mú tirẹ̀ dání lọ sílé. Akọ̀wé méjì tó gbọ́ èdè ìlú lè parí rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bí ọkọ̀ bá wá dé lọ́jọ́rú kí wọ́n tó parí, kí awakọ̀ wá ibòji jókòó sí. A ó bu omi fún un.