Ẹ ka àdéhùn 1648 kí ẹ tó fi ṣe àwòkọ́ṣe

Nígbàkígbà tí ogun tó ní orúkọ ẹ̀sìn bá pẹ́ jù nílẹ̀, a kì í wá ẹni tí yóò ní kí wọ́n lọ ṣe irú àdéhùn tí wọ́n ṣe ní Westphalia, ní Jámánì, lọ́dún 1648 tì. Ní 2016, Frank-Walter Steinmeier, tó jẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ òkèèrè Jámánì nígbà náà, sọ̀rọ̀ ní Osnabrück gan-an, ọ̀kan lára ìlú tí wọ́n ti ṣe àdéhùn náà, lórí ohun tí Ààrin Gbùngbùn Ìlà-Oòrùn lè rí kọ́ nínú rẹ̀. Àwa náà gbà pé ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀. Ohun tí a kò gbà ni bí ọ̀pọ̀ ṣe ń sọ ìtàn náà: pé ogun ọgbọ̀n ọdún, láti 1618 sí 1648, sú gbogbo wọn, ọkàn wọn rọ̀, wọ́n sì kọ́ bí a ṣe ń gba ara ẹni láyè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣe ni wọ́n kọ ẹni tó ni ilé ìjọsìn kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, wọ́n ka orí adájọ́, wọ́n gba agbára ìbò lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù, wọ́n sì wá owó tí wọ́n fi dá àwọn ọmọ ogun padà sílé. Ẹni tí kò bá ṣe tán láti ṣe iṣẹ́ yẹn, kó má fi orúkọ Westphalia ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni.

Àdéhùn kan ti wà ṣáájú èyí. Ní Augsburg, lóṣù Kẹsàn-án 1555, wọ́n fún olórí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Jámánì láṣẹ láti yan ẹ̀sìn ilẹ̀ rẹ̀, yálà ti Kátólíìkì tàbí ti Luther. Ará ìlú tí kò bá tẹ́ lọ́rùn lè ta ohun ìní rẹ̀ kó sì kó lọ síbòmíràn. Ó lé lọ́gọ́ta ọdún tí àdéhùn yìí fi dá ogun ńlá dúró, kì í sì í ṣe nǹkan kékeré. Ṣùgbọ́n ihò wà nínú rẹ̀. Kò ka àwọn ọmọlẹ́yìn Calvin, ẹ̀ka Pùròtẹ́sítáǹtì mìíràn, sí èèyàn rárá. Ó ní bíṣọ́ọ̀bù tó jẹ́ olórí ilẹ̀, tó bá fi ìjọ Kátólíìkì sílẹ̀, gbọ́dọ̀ fi oyè àti ilẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú. Ọba Ferdinand Kìíní, tó ń ṣojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ olú-ọba Jámánì, ló fi àṣẹ ara rẹ̀ ti gbólóhùn yẹn bọ inú ìwé, àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì kò fọwọ́ sí i. Láti fi tù wọ́n nínú, ó ṣèlérí pé ìlú àti ìjòyè tó ti ń tẹ̀lé Luther lábẹ́ àwọn bíṣọ́ọ̀bù kò ní í pàdánù ẹ̀sìn wọn. Ìlérí náà kò sí nínú àdéhùn, ìwé ọ̀tọ̀ ló kọ ọ́ sí, àwọn Kátólíìkì sì ní àwọn kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Láti inú ihò wọ̀nyẹn ni oyè àti ẹ̀sìn ti wọnú ara wọn. Afọbajẹ méje ló ń yan olú-ọba tó wà lórí gbogbo àwọn olórí ilẹ̀ náà: bíṣọ́ọ̀bù àgbà Mainz, ti Trier àti ti Cologne, ọba Bohemia, àti àwọn olórí Saxony, Brandenburg àti Palatinate. Àwọn mẹ́ta ìkẹyìn yìí ti di Pùròtẹ́sítáǹtì. Nígbà tí Gebhard Truchsess, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Cologne, wá kéde pé òun ti yí padà, tó sì fẹ́ Agnes von Mansfeld níyàwó ní 1583, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyàwó ló gbé ọmọ ogun Bavaria àti ti Sípéènì dé. Bó bá jókòó pa sórí oyè náà, Pùròtẹ́sítáǹtì á di mẹ́rin nínú afọbajẹ méje. Wọ́n jà á títí di 1588. Ernst, ọmọ ìdílé tó ń jọba ní Bavaria, ló gba oyè náà, ìdílé rẹ̀ kò sì jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ wọn títí di 1761.

Kóòtù ló yẹ kó parí irú ìjà bẹ́ẹ̀. Láti 1588 ni ìgbìmọ̀ tó ń tún ìdájọ́ kóòtù gíga gbé yẹ̀ wò kò ti jókòó mọ́, torí ó ti kan Pùròtẹ́sítáǹtì tó ń ṣàkóso Magdeburg, ilẹ̀ bíṣọ́ọ̀bù àgbà, láti wà níbẹ̀, àwọn Kátólíìkì sì ní àwọn kò mọ̀ ọ́n lólórí ilẹ̀ náà. Bí kóòtù ṣe kọṣẹ́ nìyẹn. Ní Donauwörth lọ́dún 1606, àwọn mọ́ńkì na àsíá wọn sókè, wọ́n ń tò lọ ní ìgboro, àwọn ará ìlú tó jẹ́ Pùròtẹ́sítáǹtì sì ya lù wọ́n. Olú-ọba fi òfin bá ìlú náà wí. Maximilian, olórí Bavaria, kó ọmọ ogun wọ ibẹ̀ lóṣù Kejìlá 1607, ó ní kí wọ́n san owó tí òun ná sórí ogun náà, wọn kò rí i san, ló bá mú ìlú náà dání bí ẹni mú ìwọ̀fà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì dá ẹgbẹ́ ogun tiwọn sílẹ̀. Ní 1609, àwọn Kátólíìkì dá tiwọn. Ọdún mẹ́ta péré sí ìgbà tí wọ́n jà lórí àsíá.

Ìtàn bí ogun ṣe bẹ́ ní Prague, olú ìlú Bohemia, ti di mímọ̀, a kò ní í pẹ́ lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kárùn-ún 1618, àwọn ìjòyè Pùròtẹ́sítáǹtì ibẹ̀ ju aṣojú olú-ọba méjì àti akọ̀wé wọn láti ojú fèrèsé, gbogbo wọn sì yè é. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Bohemia yọ Ferdinand Kejì, ọba wọn tó di olú-ọba lọ́dún yẹn, lóyè, wọ́n fi Frederick ti Palatinate jọba, àwọn tó ń jà fún Ferdinand sì ṣẹ́gun rẹ̀ ní Òkè Funfun lẹ́bàá Prague ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá 1620. Ohun tí àwọn tó ń pè é ní ogun ẹ̀sìn lásán máa ń fò ni pé Johann Georg, olórí Saxony, tó jẹ́ ọmọlẹ́yìn Luther tinútinú, jà fún Ferdinand tó jẹ́ Kátólíìkì. Ilẹ̀ Lusatia ló gbà lérè. Oyè afọbajẹ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Frederick, Maximilian ni wọ́n gbé e fún ní 1623.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta 1629, Ferdinand rò pé òun ti borí. Ó pàṣẹ pé gbogbo ilẹ̀ ìjọ tí Pùròtẹ́sítáǹtì ti gbà láti 1552 gbọ́dọ̀ padà. Ọdún 77 nìyẹn. Ilẹ̀ ti kọjá lọ́wọ́ bàbá sọ́wọ́ ọmọ àti ọmọ-ọmọ, wọ́n ti yá owó lé e, wọ́n ti fi owó ibẹ̀ dá ilé ìwé sílẹ̀. Àṣẹ yìí ló mú kí àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì tó ti ń wá àlàáfíà, títí kan Saxony, padà lẹ́yìn olú-ọba. Magdeburg wà lára ibi tí wọ́n fẹ́ gbà. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kárùn-ún 1631, ọmọ ogun olú-ọba wọ ìlú náà, iná sì jó o. Nínú bí 25,000 èèyàn, bí 20,000 ló kú. Nígbà tí wọ́n ka orí lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 449 ni wọ́n bá níbẹ̀.

Ta ló wá gbé owó kalẹ̀ fún ọba Súwídìn, Gustavus Adolphus, tó ní ẹ̀sìn Luther lòun wá gbà là? Richelieu ni, Kádínà ìjọ Kátólíìkì tó ń darí ìjọba Faransé. Ní Bärwalde, lóṣù Kìíní 1631, Faransé fọwọ́ sí i pé òun yóò máa san 400,000 taler, owó fàdákà Jámánì, lọ́dún, fún ọdún márùn-ún. Súwídìn yóò kó 30,000 ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ àti 6,000 ẹlẹ́ṣin sí Jámánì, kò sì ní í dí ìjọsìn Kátólíìkì lọ́wọ́ níbi tó bá bá a. Richelieu yìí kan náà ló dó ti àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì La Rochelle ní 1627 sí 1628, tí ebi fi pa ọ̀pọ̀ jù nínú wọn. Ẹni tó bá sọ pé kí ogun bẹ́ẹ̀ parí, kí àwọn àlùfáà kàn jókòó bára wọn sọ̀rọ̀, kò mọ ẹni tó ń ra ìbọn.

Nítorí náà ni ọgbọ́n àwọn tó jókòó ní Osnabrück ṣe wú wa lórí. Wọn kò bi ara wọn léèrè ta ló ni òtítọ́. Wọ́n béèrè pé: ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1624, ta ló ń jọ́sìn nínú ilé yìí, ta ló ń gba owó ilẹ̀ yìí? Ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ló ni ín. Pùròtẹ́sítáǹtì fẹ́ 1618. Àdéhùn Prague tí olú-ọba àti Saxony ṣe ní 1635 ti lo 1627, èyí tó dùn mọ́ Kátólíìkì. 1624 bọ́ sáàrin, kò tẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn pátápátá, àmọ́ ó ṣeé fi ẹlẹ́rìí dá mọ̀. Wọ́n ka àwọn ọmọlẹ́yìn Calvin mọ́ ọn. Adájọ́ kóòtù gíga di 50: Kátólíìkì 26, Pùròtẹ́sítáǹtì 24, iye wọn sì gbọ́dọ̀ dọ́gba nínú ẹjọ́ láàrin ẹlẹ́sìn méjèèjì. Nínú àpérò ilẹ̀ náà, bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ẹ̀sìn, ìbò kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ìhà méjèèjì á pínyà, wọ́n á sì dúnàádúrà títí wọ́n á fi fẹnu kò. Ní Osnabrück fúnra rẹ̀, bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì kan yóò jẹ, ọmọ ọba Lútérà láti ìdílé Brunswick yóò tẹ̀ lé e, wọ́n sì ń gbé e fún ara wọn bẹ́ẹ̀ títí di ọ̀rúndún kọkàndínlógún.

Ẹ wo bó ṣe ṣiṣẹ́ ní Heidelberg, olú ìlú Palatinate. Ní 1685, ìdílé Kátólíìkì jogún Palatinate tó jẹ́ ilẹ̀ àwọn ọmọlẹ́yìn Calvin. Nígbà tó yá, wọ́n pín ohun ìní ìjọ sí ọ̀nà méje, márùn-ún fún àwọn ọmọlẹ́yìn Calvin, méjì fún Kátólíìkì, wọ́n sì mọ ògiri gba inú ṣọ́ọ̀ṣì Ẹ̀mí Mímọ́ kọjá ní 1706: ìhà pẹpẹ di ti Kátólíìkì, ibi tí ìjọ ń jókòó di ti Pùròtẹ́sítáǹtì. Ní 1719, Karl Philipp tó ń jọba gba gbogbo rẹ̀. Ogun kò bẹ́. Prussia àti Hanover ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì kan ní ilẹ̀ tiwọn, wọ́n gbé ìwé àdéhùn lọ sójú olú-ọba, Karl Philipp sì dá ibi tó gbà padà, ó fi ìbínú kó ààfin rẹ̀ lọ sí Mannheim. Ògiri náà wà níbẹ̀ títí di 1936. Kò sí ẹni tó fẹ́ràn ara wọn nínú ọ̀rọ̀ yìí, síbẹ̀ a kò sin òkú.

Àléébù rẹ̀ kò fara sin. Àwọn Habsburg, ìdílé olú-ọba, yọ ọ̀pọ̀ jù nínú ilẹ̀ tiwọn kúrò lábẹ́ òfin 1624. Ní Silesia tó jẹ́ ilẹ̀ wọn, ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta péré ni wọ́n jẹ́ kí Pùròtẹ́sítáǹtì kọ́, lẹ́yìn odi ìlú, igi, amọ̀ àti koríko gbígbẹ ni kí wọ́n fi kọ́ ọ, láìsí ilé aago, kó sì parí láàrin ọdún kan. Ti Świdnica àti Jawor ṣì dúró ní Pólàǹdì òní. Ní 1731, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Salzburg lé bí 20,000 Lútérà jáde. Àwọn tí kò ní ilẹ̀, ọjọ́ mẹ́jọ ló fún wọn, níbi tí àdéhùn ti ní ọdún mẹ́ta. Ó pè wọ́n ní ọlọ̀tẹ̀ kó lè fi yẹ òfin sílẹ̀. Ibi tí àdéhùn náà ti bàjẹ́ ni ibi tí wọ́n ti gba alágbára láyè láti yọ ara rẹ̀ sẹ́yìn.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ fún àwọn alárinà pé kí wọ́n mú ọjọ́ kan, kí wọ́n fi ka ilé àti ilẹ̀, láìfi ti ẹni tó lágbára jù ṣe. Kí wọ́n má dúró de àṣẹ àwọn aṣáájú ẹ̀sìn: Póòpù Innocent Kẹwàá tako àdéhùn 1648, ṣùgbọ́n ìwé náà ti sọ ṣáájú pé irú àtakò bẹ́ẹ̀ kò ní í pa á rẹ́. Kí wọ́n sì wá owó. Mílíọ̀nù márùn-ún taler ni wọ́n dá jọ láti fi dá ọmọ ogun Súwídìn sílẹ̀, ẹkùn méje ni wọ́n pín in fún, odindi ìpàdé mìíràn ni wọ́n sì ṣe ní Nuremberg títí di 1650 láti to iye tí wọ́n á san àti ìlú tí ọmọ ogun á ti kúrò. Ní 1654 ni àwọn tó kẹ́yìn tó kúrò ní ìlú Vechta. Àdéhùn tí kò bá ní ojú ìwé tó sọ ẹni tí yóò san owó àwọn ọmọ ogun, iye rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n á san án, kí wọ́n má tíì fọwọ́ sí i.