Ẹṣin tí gbogbo ayé lé owó lé kì í ṣe bánkà o

Ẹ̀yin ará mi tẹ́ ẹ wà n'Ílùú Ọba, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń yà sí ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ lọ́jọ́ Sátidé tẹ́ ẹ bá ti kúrò níbi iṣẹ́, ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n máa ń sọ níbẹ̀ tó ń dùn mí gan-an. Wọ́n á ní ẹṣin tí odds ẹ̀, ìyẹn èrè tí wọ́n máa san lórí owó tó o fi lé e, bá ti kéré, bíi 1/2 (£1 lórí £2), bíi 4/6 (£4 lórí £6), bánkà ni, kò lè já ọ, kó o kàn mú mẹ́rin nínú wọn kó o so wọ́n pọ̀ lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan, owó ti dé nìyẹn. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi, ẹ̀gbọ́n tí mo bọ̀wọ̀ fún ni, wọ́n ti ń ta pool láti ìgbà tí wọ́n wà n'Íbàdàn, wọ́n tún fi òwe tì í lẹ́yìn, wọ́n ní ṣebí ẹṣin iwájú ni t'ẹ̀yìn ń wò sáré. Òwe gidi ni. Àmọ́ tó bá di ti ẹṣin tó ń fo ìdènà, irọ́ ni ọ̀rọ̀ bánkà yẹn, owó àwọn èèyàn wa sì ń bá a lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìdí tí mo fi jókòó kọ eléyìí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Cheltenham, pápá eré ẹṣin kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ Túsìdeè, 11 oṣù kẹta, ọdún 2025. Ọjọ́ yẹn ni Festival, àjọ̀dún eré ẹṣin ibẹ̀, bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni wọ́n sì fi ń sá a. Ẹṣin mẹ́rin ló wà lẹ́nu gbogbo èèyàn. Kopek Des Bordes nínú eré tí wọ́n ń pè ní Supreme, 4/6. Majborough nínú Arkle, 1/2. Lossiemouth nínú Mares' Hurdle, 4/6. Constitution Hill nínú Champion Hurdle, 1/2. Tó o bá so mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, £10 á di £62.50, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì so wọ́n pọ̀ lóòótọ́, torí ta ló máa lù wọ́n?

Kopek Des Bordes wọlé, inú gbogbo èèyàn dùn. Wọ́n wá sá Arkle, Majborough dé ìdènà tó ṣìkejì ìkẹyìn, ó gbá a, eré bọ́ lẹ́sẹ̀ ẹ̀, Jango Baie sì já a gbà nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n dé ojú ilà, ipò kẹta ni Majborough ṣe. Tíkẹ́ẹ̀tì gé níbẹ̀. Lossiemouth tún wọlé, àwọn tí wọ́n fojú fo Arkle sì ń sọ pé ó kù ẹyọ kan. Ẹyọ kan ọ̀hún ni Constitution Hill, ẹṣin tó ti sá eré mẹ́wàá láyé ẹ̀ tí kò sẹ́ni tó lù ú rí, tó fi gígùn ẹṣin 22 ju ẹnì kejì ẹ̀ lọ nínú Supreme lọ́dún 2022. Ó dé ìdènà karùn-ún, ó ṣubú. State Man tó gba Champion Hurdle lọ́dún 2024 wá bọ́ síwájú, ó ti ń jẹ eré yẹn lọ ní tiẹ̀, ó dé ìdènà ìkẹyìn, òun náà ṣubú! Golden Ace tó wà ní 25/1 ló gbé ife lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ohun tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn wa ni pé wọ́n ti ṣe magomago, pé àwọn tó ni ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ ló mọ bí wọ́n ṣe ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn ẹ̀ tí Constitution Hill lọ sá eré ní Aintree, pápá míì, ó tún ṣubú. Ẹṣin tó ń sáré burúkú, tí jọ́kì wà lẹ́yìn ẹ̀, tó ní láti gbé ara ẹ̀ sókè lórí igi lẹ́ẹ̀mẹjọ nínú bíi máìlì méjì, tí ẹsẹ̀ ẹ̀ bá kọ igi lẹ́ẹ̀kan péré, ó tán. Kò sẹ́ni tó nílò láti ṣe magomago kankan níbẹ̀. Ilẹ̀ ni ẹlẹ́ṣin ń bọ̀, àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́.

Kì í sì í ṣe pé ọdún 2025 ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Ọdún mẹ́wàá gééré ṣáájú ẹ̀, Túsìdeè Cheltenham ti ọdún 2015, ẹṣin mẹ́rin láti ọwọ́ Willie Mullins, ará Ireland tó ń tọ́ wọn, ló wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì gbogbo ayé: Douvan, Un De Sceaux, Faugheen, Annie Power. Mẹ́ta àkọ́kọ́ wọlé. Annie Power tó wà ní 1/2 bọ́ síwájú, ó ku ìdènà kan ṣoṣo láyé, ó fò ó kó tó débẹ̀, ó ṣubú. Àwọn ìwé ìròyìn sọ pé owó táwọn oníṣọ́ọ̀bù ì bá san lọ́jọ́ yẹn tó mílíọ̀nù lọ́nà àádọ́ta pọ́ùn. Ìdènà kan péré. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Annie Power yìí kan náà ló gba Champion Hurdle, nítorí náà kì í ṣe pé ẹṣin burúkú ni o, ẹṣin ńlá ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń pa àwọn èèyàn wa gan-an rèé, ẹ fara balẹ̀ bá mi ṣírò ẹ̀. Ẹṣin tó wà ní 1/2, ohun tí odds yẹn ń sọ ni pé tí wọ́n bá sá irú eré yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, á wọlé lẹ́ẹ̀mejì, á já ọ lẹ́ẹ̀kan. 4/6, á wọlé lẹ́ẹ̀mẹta nínú márùn-ún, á já ọ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ò rí i pé odds yẹn fúnra ẹ̀ ti sọ fún yín pé òun lè já yín? Tó o bá wá so 1/2 méjì mọ́ 4/6 méjì, bíi ti ọjọ́ Túsìdeè yẹn, nínú ìgbà 100 tó o bá kọ irú tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀, 16 péré ló yẹ kó wọlé. 84 á gé. Ohun tí wọ́n ń pè ní bánkà nìyẹn! Ẹni tó fi £10 £10 lé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́jọ́ yẹn ná £40, ó gba nǹkan bíi £33 padà, ó pàdánù díẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó so wọ́n pọ̀ ò gba kọ́bọ̀.

Àti pé 16 yẹn gan-an ti pọ̀ jù, torí oníṣọ́ọ̀bù ti yọ tiẹ̀ kó tó gbé odds síta. Ẹ jẹ́ n fi àpẹẹrẹ tèmi ṣe é: ká ní ẹṣin márùn-ún fẹ́ sáré, wọ́n fún ọ̀kan ní 1/1, èkejì 3/1, ẹ̀kẹta 5/1, ẹ̀kẹrin 8/1, ẹ̀karùn-ún 10/1. Tó o bá yí i sí ìpín nínú ọgọ́rùn-ún, á jẹ́ 50, 25, 17, 11, 9. Rò ó pọ̀, 112 ló máa fún ọ, bẹ́ẹ̀ ẹṣin kan ṣoṣo ló lè wọlé, 100 ló yẹ kó jẹ́. 12 tó lé yẹn, tiwọn ni. Tó o bá so eré mẹ́rin pọ̀, o san án lẹ́ẹ̀mẹrin lé ara wọn.

Ohun míì tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé kì í ṣe ìṣubú nìkan. Douvan yìí kan náà, lọ́dún 2017, 2/9 ni wọ́n fún un nínú Champion Chase, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹni tó fi £9 sílẹ̀, £2 péré ló máa jẹ lé e. Kò ṣubú o, ó kàn ń sá bí ẹni tí kì í ṣe òun ni, ipò keje ló ṣe, ìgbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i pé egungun ìbàdí ẹ̀ ti sán. Ta ló lè rí ìyẹn láti iwájú tẹlifíṣọ̀n ní ṣọ́ọ̀bù?

Ṣé mo wá ń sọ pé kéèyàn sá fún favourite, ẹṣin tí odds ẹ̀ kéré jù nínú eré, ni? Rárá. Nínú eré mẹ́ta, favourite máa ń wọlé ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan, kò sí ẹṣin míì tó ń wọlé tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ mi ni pé odds kékeré ò sọ fún ọ pé ẹṣin yìí dá ọ lójú, ó kàn sọ fún ọ pé owó àwọn èèyàn ti wọ́ lọ síbẹ̀, wọ́n sì ń wo ara wọn ṣe é, ẹṣin iwájú tí ẹ̀gbọ́n ń sọ yẹn náà ni.

Tí mo bá fẹ́ wo eré ọjọ́ kan láàárọ̀, ilẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń wò, torí wọ́n máa ń kéde ẹ̀, bóyá ó gbẹ, bóyá ó rọ̀, bóyá ẹrẹ̀ ni pátápátá. Ẹṣin kan wà tó jẹ́ pé ẹrẹ̀ ni tiẹ̀, òmíì wà tó jẹ́ pé òjò tó rọ̀ mọ́jú ti ba tiẹ̀ jẹ́, odds àárọ̀ sì lè má tíì mọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni pápá. Cheltenham, ọwọ́ òsì ni wọ́n ń yí sí, òkè ni wọ́n sì ń gùn nígbà tí wọ́n bá ń parí, ẹṣin tó ń sá dáadáa ní Kempton, pápá míì tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí wọ́n ń yí sọ́wọ́ ọ̀tún, lè dé orí òkè yẹn kó rẹ̀ ẹ́. Ẹṣin Desert Orchid gba eré King George ní Kempton lẹ́ẹ̀mẹrin, gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé ọwọ́ ọ̀tún ló fẹ́ràn, ìdí nìyẹn tí Gold Cup tó gbà ní Cheltenham lọ́dún 1989, nínú ẹrẹ̀, fi ya àwọn èèyàn lẹ́nu títí dòní.

Àwọn lẹ́tà tó wà níwájú orúkọ ẹṣin ńkọ́? Ibẹ̀ ni mo ti máa ń pẹ́ jù. Àwọn èèyàn ń ka nọ́ńbà, 1, 2, 3, wọ́n á fo lẹ́tà. F, ó ṣubú. U, ó gbé jọ́kì jù sílẹ̀. P, wọ́n dá a dúró kó tó parí. Tí mo bá rí 1F1U, tí wọ́n sì fún un ní 1/2, mi ò ní fọwọ́ kàn án, kò sí bó ṣe lè yá ẹsẹ̀ tó. Mo tún máa ń wò ó bóyá hurdle ló fẹ́ fò tàbí fence, torí hurdle ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àbọ̀, èèyàn lè gbá a kó ṣì máa lọ, fence ní tiẹ̀ ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àbọ̀, ó sì le. Ẹṣin tó jẹ́ ọ̀gá lórí hurdle tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ fence, àkẹ́kọ̀ọ́ ni lọ́jọ́ yẹn.

Tó bá wá jẹ́ handicap, ẹ rọra. Níbẹ̀, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gbé ẹrù lé ẹṣin tó dára jù kí gbogbo wọn lè fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, kí ni bánkà fẹ́ wá ṣe níbẹ̀? Grand National gan-an handicap ni, ẹṣin 34, ìdènà 30, ó ju máìlì mẹ́rin lọ. Tiger Roll wọlé ní 4/1 lọ́dún 2019 lóòótọ́, àmọ́ Noble Yeats wọlé ní 50/1 lọ́dún 2022, Nick Rockett ní 33/1 lọ́dún 2025. Ẹ má sì tìtorí ẹ̀ sáré lọ máa mú 100/1 o, àṣìṣe kejì nìyẹn, látìgbà tí wọ́n ti ń sá a láti ọdún 1839, márùn-ún péré ló tíì wọlé ní 100/1, Mon Mome lọ́dún 2009 ló sì ṣe é kẹ́yìn.

Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀ ni mo máa ń kọ ti ara mi sílẹ̀ kí n tó wo odds: ẹṣin yìí, tí wọ́n bá sá a lẹ́ẹ̀mẹwàá, ẹ̀ẹ̀melòó ló máa wọlé lójú tèmi? Tí mo bá ní mẹ́rin, 6/4 ló bá a dọ́gba, nítorí náà tí wọ́n bá fún un ní 2/1 mo lè fi owó tí mi ò ní fi ra oúnjẹ lé e, òun nìkan, láì so ó mọ́ nǹkan kan. Tí wọ́n bá fún un ní 4/6, á wọlé, mi ò sí níbẹ̀, kò dùn mí. Nínú eré méje lọ́jọ́ kan, ẹyọ kan ló sábà máa ń kù lọ́wọ́ mi, ìgbà míì kò ní ku ìkankan, mo á gbé ìwé ìròyìn sílẹ̀, mo á kàn máa wo àwọn ẹṣin.