Ta ni ń sanwó fún amọ̀nà òru?

Bí àlejò bá dé Ìlọrin ní ọ̀sán, kì í ṣòro láti júwe ibi tí yóò lọ fún un. Wọn yóò ní kó lọ wo ààfin Ẹ́míà àti mọ́sálásí ńlá tó wà nítòsí rẹ̀, wọn yóò ní kó dé Òkèlele níbi tí àwọn obìnrin ti ń mọ ìkòkò, bó bá sì ní ọkọ̀ àti àyè, wọn yóò ní kó lọ sí Èsìẹ́, kó wo àwọn ère òkúta tó wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣí ní ọdún 1945, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, tàbí kó lọ wo omi Òwu tó ń já láti orí àpáta ní Kwara Gúúsù. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti wọ̀, gbogbo ìjúwe yẹn parí. Àgùnbánirọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, oníṣòwò tó wá sun ọjọ́ méjì, ọmọ Ìlọrin pàápàá tó dàgbà sí òkè òkun tó sì wá bá wọn ṣe ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì: níbo lèèyàn lè lọ lálẹ́ yìí? Ìdáhùn tí wọ́n ń rí gbà kì í sábà ju méjì lọ: kí wọ́n lọ sùn, tàbí kí wọ́n lọ sí àwọn biapálọ̀ àdúgbò Tanke.

Inú àlàfo yìí ni àbá kan fẹ́ gbà wọlé, àwọn ọ̀dọ́ tó ti rìn dé ìlú ńláńlá sì ń gbé e kiri: kí Ìlọrin náà ní ìrìn ilé ọtí tí amọ̀nà ń ṣáájú, bí wọ́n ti ń ṣe é ní ọ̀pọ̀ ìlú Yúróòpù. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò le. Ẹni tó bá fẹ́ lọ yóò ra tíkẹ́ẹ̀tì, yóò pàdé àwọn yòókù níbi tí wọ́n dá ní ìrọ̀lẹ́, wọn yóò so àmì kan mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́, amọ̀nà yóò sì kó gbogbo wọn lẹ́yìn láti ilé ọtí kan dé òmíràn, mẹ́ta, mẹ́rin, nígbà mìíràn márùn-ún, títí wọn yóò fi já sí ilé ijó. Ní ibì kọ̀ọ̀kan, wọn yóò gbé ife kékeré ọtí líle kan fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, wọn yóò sì bu díẹ̀ kúrò nínú owó èyí tí wọ́n bá rà lẹ́yìn ìyẹn.

A kò kórìíra àbá náà. Ẹni tó bá ti dé ìlú tí kò mọ ẹnì kankan rí, tó jókòó sínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì láti aago méje alẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, yóò mọ̀ pé ẹlẹgbẹ́ ni àwọn èèyàn ń fi owó tíkẹ́ẹ̀tì náà wá, kì í ṣe ọtí. Àgùnbánirọ̀ obìnrin tó ti Pọtakọ́ọ̀tù wá, tí kò gbọ́ Yorùbá, kò jẹ́ dá wọ kèkè Màrúwá ní aago mẹ́wàá alẹ́ kó máa wá ibi tí wọ́n ti ń lùlù kiri, bó ti wù kí ìlù náà dùn mọ́ ọn tó. Bí èèyàn méjìlá bá jọ ń lọ, tí ọmọ onílùú kan sì ṣáájú wọn, yóò lọ. Yóò bá ẹni tí kò mọ̀ rí sọ̀rọ̀, yóò jẹ ohun tí kò jẹ rí, yóò sì ti mọ orúkọ àdúgbò mẹ́ta sí i kó tó padà sùn. Àǹfààní gidi nìyẹn, ìlú tó bá sì ń pe ara rẹ̀ ní ìlú ìṣọ̀kan kò gbọdọ̀ fi ojú ẹ̀gàn wò ó.

Owó amọ̀nà ni ọ̀rọ̀ wà. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìrìn yìí, tíkẹ́ẹ̀tì kì í wọ́n, nítorí pé inú tíkẹ́ẹ̀tì kọ́ ni èrè wà. Ilé ọtí ló ń san ìyókù: yóò fún olùṣètò ní iye kan lórí ẹni kọ̀ọ̀kan tó bá kó wọlé, tàbí kó gé nínú owó ohun tí wọ́n bá mu fún un. Ìjẹ tí a fi sẹ́nu ìwọ̀ ni ife ọ̀fẹ́ ẹnu ọ̀nà náà. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ta ni amọ̀nà ń ṣiṣẹ́ fún? Nígbà tí ojú ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún kan bá ti ń pọ́n, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì dúró mọ́, amọ̀nà nìkan ló wà nítòsí tó lè sọ fún un pé ó tó, kó mu omi, kó jókòó, ká wá kèkè tí yóò gbé e délé. Ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ wà nínú ìgò kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé ó burú níwà. Ẹnu tó jẹ dòdò ni kò lè sọ òdodo. Ẹ̀dọ̀ èèyàn kì í sì í yára bí ìrìn amọ̀nà. Ó ń gbà á tó bíi wákàtí kan kó tó palẹ̀ ìwọ̀n ife kan péré mọ́ nínú ara, bẹ́ẹ̀ ilé ọtí mẹ́rin ni wọn yóò ti wọ̀ láàárín wákàtí mẹ́ta, tí ọ̀fẹ́ àti ẹ̀dínwó sì ń dúró dè wọ́n ní ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan.

Àwọn ìlú tó ṣáájú wa gba ọ̀nà yìí ti rí ibi tó já sí. Ní àwọn erékùṣù Balearic ní Sípéènì, tó jẹ́ pé owó àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ni wọ́n fi ń jẹun jù, ìjọba ṣòfin ní oṣù Kìíní ọdún 2020 pé kò gbọdọ̀ sí ìrìn ilé ọtí alámọ̀nà mọ́ ní Magaluf, ní Playa de Palma àti ní Sant Antoni, òfin náà sì mú ọtí ẹ̀dínwó àti ọtí mu-bó-ti-wù-ọ́ mọ́ ọn. Ní Prague, olú ìlú orílẹ̀-èdè Czech, níbi tí bíà ti jẹ́ ohun tí tọmọdé tàgbà fi ń yangàn, ìgbìmọ̀ ìlú fòfin de irú ìrìn bẹ́ẹ̀ láàárín aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago mẹ́fà òwúrọ̀ ní ọdún 2024. Wọn kò ti ilé ọtí kankan pa. Ẹni tó bá fẹ́ lọ mu bíà rẹ̀ ń lọ. Ariwo tí kì í jẹ́ kí onílé sùn ló sú wọn, àti àlejò tó wọ̀lú tó jáde láìmọ̀ ju ohun tó mu lọ. Ẹ kíyè sí i pé àwọn tó ṣe òfin wọ̀nyí kò ka ọtí sí ẹ̀ṣẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó bá rò pé ẹ̀sìn nìkan ló lè mú Ìlọrin ṣe ìlọ́ra kò rò ó jìnnà. Lóòótọ́, ìlú àwọn àlùfáà ni, ìlú tí wọ́n ń kì pé ó tóbi tó báyìí kò léégún, pé ẹṣin leégún ilé wọn, ọ̀kọ̀ lorò ibẹ̀. Lóòótọ́ sì ni pé ó ti pẹ́ tí biapálọ̀ ti wà ní GRA, ní ọ̀nà Fate àti ní Tanke, tó jẹ́ ọ̀nà tí àwọn ọmọ Yunifásítì Ìlọrin ń gbà lọ gbà bọ̀. Onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí ti jọ ń gbé ìlú yìí láti ọdún gbọọrọ, olúkúlùkù mọ ibi tí òun ń lọ àti ibi tí òun kì í lọ. A kò kọ ọ̀rọ̀ yìí láti lé ẹnikẹ́ni kúrò nídìí ife rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnì kan kó ogún èèyàn tó ti mu yó gba Pàkátà tàbí Ọjà Ọba kọjá láàjìn, kó sì sọ pé òun ń fi ìlú hàn wọ́n, ìwọ̀sí ni sí àwọn onílé, irọ́ sì ni fún àlejò.

Ohun tó ń dùn wá jù ni pé òru Ìlọrin kò ṣófo tí a fi máa lọ yá ti ìlú mìíràn lò. Ẹni tó bá ti rìn ní Ọjà Ọba lẹ́yìn ìrun Màgàríbì yóò mọ ohun tí à ń wí. Wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ti fi omi ewé bọ̀mùbọ̀mù mú kó dì, tó léfòó nínú igbá ní funfun láú, ni wọ́n ń gbé sínú epo gbígbóná títí yóò fi pọ́n, tí wọn yóò sì bu ata gígún sí i. Èèyàn lè rà á kó jẹ ẹ́ lọ, kó má sì mọ nǹkan kan sí i. Bí amọ̀nà tó mọṣẹ́ bá wà níbẹ̀, yóò sọ fún un bí Fúlàní, Haúsá, Nupé, Bàrùbá àti Yorùbá ṣe di ará ìlú kan náà, bí Yorùbá ṣe wá di èdè tí gbogbo wọn ń sọ nílé, àti bí oúnjẹ darandaran ṣe wá di ohun tí ọmọ Ìbàdàn àti Èkó ń bẹ èrò ọ̀nà Ìlọrin pé kó bá òun rà bọ̀. Wàrà ẹyọ kan tó láti sọ ìtàn ìlú, ó sì ku tùwó àti gbẹ̀gìrì, ó ku fùrá àti núnú, ó ku súyà tí èéfín rẹ̀ ń pe èèyàn láti òdì kejì títì.

Orin ńkọ́? Ìlọrin ló ni dàdàkúàdà. Ọmọ ìlú yìí ni Odolaye Àrẹ̀mú tó gbé e dé etí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Lónìí, bí wọn kò bá pe èèyàn sí ìgbéyàwó tàbí ìsọmọlórúkọ, ibo ni yóò ti gbọ́ ọ lójúkojú? Àlejò lè lo ọdún kan ní Ìlọrin, bí ọ̀pọ̀ àgùnbánirọ̀ ti ń lò ó, kó padà sílé láìgbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ẹgbẹ́ àlejò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bá ń wá jókòó ti àwọn onílù lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, kí wọ́n sanwó ìjókòó wọn, kí ẹnì kan sì máa túmọ̀ òwe inú orin fún wọn, àwọn onílù náà yóò ní owó kan tí kò ní dúró de ìgbà tí olówó bá gbéyàwó. Ẹ sì má gbàgbé òru Ààwẹ̀, nígbà tí ìlú kì í sùn rárá, tí àwọn èèyàn ń ti ìdí ìrun àṣámù bọ̀, tí àwọn ọmọkùnrin sì ń kọ wéré káàkiri kí oníààwẹ̀ lè jí se sààrì. Inú orin ajísààrì bẹ́ẹ̀ ni fújì ti jáde. Kò sí ìgò kan nínú gbogbo rẹ̀, kò sì sí òru tó dùn jù ú lọ ní gbogbo Kwara.

Ìdúró wa ni pé kí Ìlọrin gba amọ̀nà òru láàyè, kí àlejò nìkan sì máa sanwó fún un. Kí tíkẹ́ẹ̀tì wọ́n díẹ̀ sí i, kí olùṣètò má sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ilé ọtí, ilé oúnjẹ tàbí ilé ijó kankan lórí ohun tí àwọn èèyàn rẹ̀ bá rà. Bí ẹgbẹ́ kan bá wá fẹ́ parí ìrìn rẹ̀ sí ibi tí wọ́n ti ń ta bíà àti àsun ní GRA, kí wọ́n lọ. Amọ̀nà tó bá wọlé pẹ̀lú wọn kò ní jèrè bí wọ́n bá mu mẹ́wàá, kò ní pàdánù bí wọ́n bá mu omi, ìgbà náà ni ìmọ̀ràn rẹ̀ yóò níyì.

Ìjọba ìpínlẹ̀ kò lè sọ pé Àbújá ló ni iṣẹ́ yìí. Ní oṣù Keje ọdún 2013, nínú ẹjọ́ tó wà láàárín ìjọba àpapọ̀ àti ìjọba Èkó, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá a pé ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni fífún òtẹ́ẹ̀lì níwèé àṣẹ àti ìṣàkóso rẹ̀ wà. Ìjọba ìbílẹ̀ náà kò lè yọwọ́, nítorí Àfikún Kẹrin ìwé òfin ọdún 1999 dárúkọ ìwé àṣẹ ọtí títà àti ìṣàkóso rẹ̀ mọ́ iṣẹ́ wọn. Agbára tí wọ́n fi ń gba owó ìwé àṣẹ lọ́wọ́ biapálọ̀ tó láti fi kọ̀wé sínú ìwé àṣẹ náà pé ẹni tó bá fún amọ̀nà ní owó lórí àwọn tó kó wọlé yóò pàdánù ìwé àṣẹ rẹ̀. Kí wọ́n forúkọ amọ̀nà sílẹ̀, kí ẹgbẹ́ má ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, kí amọ̀nà ka èèyàn rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń lọ àti nígbà tí wọ́n ń bọ̀, kó má sì lọ sílé títí ẹni ìkẹyìn yóò fi wọ ọkọ̀. A kò rí ohun tó le nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ti Kwara Gúúsù yàtọ̀. Ọ̀fà àti Òmù-Àrán ní alẹ́ tiwọn, wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n ní ibi ẹmu àti ibi ayò tí àwọn àgbà ń jókòó sí, ẹni tó bá sì fẹ́ fi wọ́n han àlejò lè ṣe é láàárín ìlú. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má kó èèyàn sí ojú títì láti ìlú kan sí èkejì lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, àwọn agbébọn ya wọ ilé ìjọsìn kan ní Eruku, wọ́n pààyàn, wọ́n sì kó àwọn olùjọsìn wọgbó lọ. Títí ọ̀nà wa yóò fi dára, ìrìn afẹ́ alẹ́ tó bá ju ẹnu odi ìlú lọ kò gbọdọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àyè ṣì wà láti bẹ̀rẹ̀ kí Ààwẹ̀ tó ń bọ̀ tó wọlé. Kí ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìrìn-àjò afẹ́ jókòó pẹ̀lú ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó pín Ìlọrin, kí wọ́n ké sí aṣojú ààfin, àwọn onílù àti àwọn ìyá oníwàrà sí ìjókòó náà. Kí ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ gbéra ní Ọjà Ọba lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, kí owó amọ̀nà sì ti wà lápò rẹ̀ láti ọwọ́ àwọn tó ń mú lọ, kí ẹsẹ̀ kankan tó kúrò nílẹ̀.